“Ojú Nìkan Ni Kí Ẹ Má Fọ́”: Ọ̀rọ̀ Sí Òbí Àti Àáfáà Lórí Bíbá Ọmọ Kéwú Wí

  

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé-kéwú wa ní Ifákọ̀ níbí. Òbí yóò fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá, ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ. Yóò kúnlẹ̀, yóò kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, lẹ́yìn náà yóò ní: “Àáfáà, ọmọ yín rèé o. Ẹ bá wa nà án dáadáa. Ojú nìkan ni kí ẹ má fọ́.” Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Òbí á yí ẹ̀yìn padà, ó di ọjà Máìlì 12, ó di ibi iṣẹ́, a sì lè má tún fojú kàn án mọ́ títí di ọjọ́ wòlímọ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwa náà fi ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ yìí. A kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ohun tí a fẹ́ sọ kò gùn. Òbí tí ó bá fi ọ̀rọ̀ yẹn fa ọmọ lé àáfáà lọ́wọ́ kò tíì fà á lé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, pàṣán ni ó fà á lé lọ́wọ́. Àáfáà tí ó bá sì gbà á bẹ́ẹ̀ ti gba àṣẹ tí òbí kò ní, nítorí òbí fúnra rẹ̀ kò ní àṣẹ láti fi ọmọ jìyà bí ó ti wù ú. Ìbáwí jẹ́ dandan. Ẹni tí ó bá ní kí a fi ọmọ sílẹ̀ láìbáwí, ọ̀tá ọmọ náà ni. Ṣùgbọ́n ìbáwí kì í ṣe orúkọ mìíràn fún ẹgba.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Kí a tó bu ẹlòmíràn lẹ́nu àtẹ́ lu, ó yẹ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tiwa. Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, gbogbo ọjọ́ Àlàmísì ni a máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àtòrì lọ́wọ́. Ọmọ tí ó bá mú owó Àlàmísì wá yóò wọlé. Èyí tí kò bá mú un wá yóò tẹ́wọ́ gba ẹgba mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni kò bi wá pé, ta ni ó jẹ gbèsè yìí? Ṣé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ó ń gba owó oṣù?

Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn tí a nà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léra wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó mú owó wá, kò sì tún yẹ̀ mọ́. A yìn ín lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. A ní kí wọ́n wò ó bí ó ti di ọmọ gidi. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìyá rẹ̀ tí ó ń ta tòmátì ní Máìlì 12 wá bá wa pẹ̀lú omijé lójú. Ọmọ ń jí owó nínú àpò tí ó so mọ́dìí. “Àáfáà, ẹ bá mi nà án,” ni ó wí. A pe ọmọ náà, a bi í pé kí ni ó ń fi owó ṣe. Kò dáhùn. Ó kàn gbójú sókè wo àtòrì tí a fi há àjà.

Ó yé wa lójú ẹsẹ̀. Àwa ni a kọ́ ọ ní olè jíjà. A nà án títí ó fi jalè, nígbà tí ó sì jalè tán, a yìn ín. Láti ọjọ́ náà ni owó Àlàmísì ti di ọ̀rọ̀ àgbà sí àgbà lọ́dọ̀ wa. Òbí ni a ń bi, a kì í bi ọmọ.

Kì í ṣe ọmọ kan ṣoṣo yìí ni. Àáfáà wo ni kò mọ ọmọ tí ó ń wọ ṣòkòtò méjì lọ́jọ́ tí a óò gbọ́ ohun tí ó há sórí? Èwo nínú wa ni kò mọ èyí tí inú máa ń run ní gbogbo ọjọ́ tí a bá ń bi ìbéèrè? A máa ń sọ pé ọmọ náà ya alágídí. Ibn Khaldun, onímọ̀ ńlá tí a bí ní Tunis ní 1332, ti ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé Muqaddimah rẹ̀ kí a tó bí bàbá ńlá wa. Ó ní ọmọ tí a bá fi líle àti ipá tọ́, ìdùnnú ọkàn rẹ̀ á kú, á di ọ̀lẹ, á kọ́ irọ́ àti ẹ̀tàn, nítorí pé ó ń bẹ̀rù ọwọ́ tí yóò bà lé e. Bí ó bá sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, irọ́ yóò di ìwà rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ṣé ìwà tí a ń wá kiri nílé-kéwú nìyẹn?

“ÀNÁBÌ NI Ó NÍ KÍ A NÀ WỌ́N”

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní Ànábì (S.A.W.) pàṣẹ pé kí a pe ọmọ sí ìrun nígbà tí ó bá pé ọdún méje, kí a sì nà án lórí rẹ̀ nígbà tí ó bá pé ọdún mẹ́wàá. Lóòótọ́ ni, hádíìsì náà wà lọ́dọ̀ Abu Dawud. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka gbogbo rẹ̀. Láti ọdún méje sí mẹ́wàá, ọdún mẹ́ta gbáko ni. Ìrun márùn-ún lójúmọ́ fún ọdún mẹ́ta ju ìgbà ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ tí a ó fi ẹnu pe ọmọ, tí a ó mú un dání, tí a ó fi hàn án, kí ọ̀rọ̀ ẹgba tó dé. Ta ni nínú àwa tí a ń tọ́ka sí hádíìsì yìí ni ó ka iye náà pé? Ọ̀pọ̀ wa kò pe ọmọ ní ìgbà mẹ́ta kí a tó na ọwọ́ sí pàṣán.

Ànábì kan náà ni Aisha, ìyá àwa onígbàgbọ́ òdodo, jẹ́rìí sí pé kò fi ọwọ́ rẹ̀ lu obìnrin tàbí ìránṣẹ́ rí, àfi lójú ogun fún Ọlọ́hun. Ànábì kan náà ni Anas sìn fún ọdún mẹ́wàá láti kékeré, tí ó sì sọ pé kò ṣíọ̀ òun rí, kò sì bi òun rí pé kí ló dé tí o fi ṣe báyìí. Ọdún mẹ́wàá! Òun náà ni ó kọ̀ pé kí a lu ẹnikẹ́ni kọjá ẹgba mẹ́wàá níbi ohun tí kì í ṣe ìjìyà tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ là kalẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Bukhari àti Muslim ti gbà á wá. Àáfáà tí ó bá na ọmọ ní ogún ẹgba nítorí pé kò lè ka súúrà rẹ̀ délẹ̀, ta ni ó ń tẹ̀lé?

Mazhab Imam Malik ni a jogún ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí a bi àwọn onímọ̀ mazhab náà léèrè. Muhammad ibn Sahnun ti ìlú Kairouan ní Tùnísíà, tí ó jáde láyé ní 256 lẹ́yìn hijrah, èyí tí í ṣe 870, kọ ìwé kan lórí ìwà tí ó yẹ olùkọ́ ọmọdé. Nínú ìwé náà, olùkọ́ kò gbọdọ̀ kọjá ẹgba mẹ́ta láìjẹ́ pé bàbá ọmọ yọ̀ǹda. Kò gbọdọ̀ lu ọmọ lórí tàbí lójú. Kò gbọdọ̀ fi ebi àti òǹgbẹ jẹ ọmọ níyà. Kò gbọdọ̀ máa rán ọmọ ọlọ́mọ ní iṣẹ́ ara tirẹ̀. Ẹ gbọ́ eléyìí náà: kò gbọdọ̀ fi àwọn ọmọ sílẹ̀ kí ó máa lọ kírun sí òkú káàkiri, àfi èyí tí ó bá di dandan fún un, nítorí pé a ti gba àkókò rẹ̀ fún iṣẹ́.

Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti kọ èyí o! Ẹ̀yin àáfáà, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa. Nígbà tí a bá lọ sí ìsọmọlórúkọ ní òwúrọ̀, nikáà ní ọ̀sán, àdúà ọjọ́ kẹjọ ní ìrọ̀lẹ́, tí a sì fi ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sílẹ̀ pẹ̀lú pàṣán kí ó máa ṣọ́ ogójì ọmọ, ta ni ó yẹ kí a bá wí?

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ Ń GBÉ WA LỌ

Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Ọ̀rọ̀ “ojú nìkan ni kí ẹ má fọ́” kì í dúró sí ibi tí a bá gbé e kalẹ̀ sí. Ní oṣù kẹsàn-án 2019, ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Rigasa, ní Kaduna, tí wọ́n ń pè ní ilé ẹ̀kọ́ Kùránì àti ìtúnwàṣe. Wọ́n bá àgbà àti ọmọdé tí ó ju 300 lọ níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. A ní ìyẹn jìnnà, òkè Ọya ni. Kò pé oṣù méjì, ní oṣù kọkànlá ọdún náà, wọ́n kó ènìyàn 259 jáde ní mọ́sáláṣí Olóore ní Òjòó, ní Ìbàdàn, ìlú tiwa. Ta ni ó kó ọ̀pọ̀ wọn lọ sí irú ibi bẹ́ẹ̀? Ẹbí wọn ni. Wọ́n fẹ́ kí wọ́n tọ́ wọn, kí wọ́n wò wọ́n sàn, kí wọ́n di ènìyàn.

Nígbà tí ó di oṣù kẹsàn-án 2021, fọ́nrán mìíràn jáde láti ilé-kéwú kan ní Gánmọ̀, lẹ́bàá Ìlọrin. Gbogbo wa rí i lórí fóònù: àwọn géndé yí akẹ́kọ̀ọ́ ká, wọ́n ń na wọ́n lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀sùn wọn ni pé wọ́n mu ọtí níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí. Ìjọba Kwara ní kí olórí ilé-kéwú náà yẹra ná, wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ dìde láti wádìí. Ìròyìn tún sọ pé àwọn òbí fọwọ́ sí ìyà náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́. Ọtí jẹ́ èèwọ̀ ní Ìsìláàmù, ọmọ kéwú tí ó bá mu ún ṣẹ̀, ìbáwí sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kí ni ayé rántí nínú ọ̀rọ̀ náà lónìí? Ǹjẹ́ ọtí ni wọ́n rántí? Àwọn tí wọ́n kórìíra ẹ̀sìn wa gbé fọ́nrán náà káàkiri pé, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ilé-kéwú. Àwa ni a fún wọn ní òkò tí wọ́n sọ lù wá. Àwọn ọmọ tí a nà ńkọ́? Ọmọ tí gbogbo ayé ti rí ìhòòhò ẹkún rẹ̀, ojú wo ni yóò tún fi wọ mọ́sáláṣí àdúgbò rẹ̀? Al-Kùránì ti sọ fún Ànábì nínú súúrà Àálí Imrán pé bí ó bá jẹ́ òǹrorò tí ọkàn rẹ̀ le ni, àwọn ènìyàn ì bá ti fọ́n ká kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí wọn yóò bá sá fún Ànábì nítorí líle, mélòó-mélòó ni àáfáà Ifákọ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Nígbà tí wọ́n ń lé àwọn ọmọbìnrin wa jáde ní kíláàsì ìjọba l'Ékòó nítorí hìjáàbù, àwa Mùsùlùmí kò dákẹ́. A lọ sí kóòtù. A pàdánù ní 2014, a jàre ní kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní 2016, títí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi dá wa láre ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà, 2022. Ohun tí a ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé ọmọ ní ẹ̀tọ́, ọmọ ní iyì, olùkọ́ kò gbọdọ̀ tẹ́ ẹ. Ṣé iyì ọmọ náà wá parí sí ẹnu ọ̀nà ilé-kéwú tiwa ni? Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti orílẹ̀-èdè yìí, tí ó jáde ní 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkó sì sọ di tirẹ̀ ní 2007, kò yọ àáfáà sílẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí òfin gbè wá, kí ó má jẹ́ ibi tí ó bá ti dùn mọ́ wa nìkan.

“ÈKÓ LA WÀ, ÀÁFÁÀ”

Àwọn òbí yóò ní: “Àáfáà, Èkó la wà o. Ẹ kò rí àwọn ọmọ tí ń fa igbó lábẹ́ afárá? Ẹ kò rí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn? Bí a kò bá nà wọ́n, wọn yóò bàjẹ́.” A rí wọn. Àdúgbò kan náà ni a jọ ń gbé, láti Ifákọ̀ dé Ọ̀wọ́rọ̀ dé Kétu. Ṣùgbọ́n ẹ lọ bi àwọn ọmọ náà bóyá kò sí ẹni tí ó nà wọ́n rí. Àwọn kan nínú wọn gba ẹgba nílé, wọ́n gbà á ní síkúùlù, wọ́n tún gbà á lọ́dọ̀ wa. Ara wọn ti gbẹ sí i. Ohun tí wọn kò rí ni àgbà tí ó jókòó tì wọ́n. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, ni àwọn bàbá wa wí. Wọn kò sọ pé ọmọ tí a kò nà.

Ẹ wo Markaz tí Sheikh Adam Abdullahi al-Ilori, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, tí ó sì gbé lọ sí Agége ní 1955. Kí ni ó mú kí ilé-kéwú náà yàtọ̀, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ fi di àáfáà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá? Ètò ni: kíláàsì, ìwé tí ó ní ìpele, ìdánwò, ìwé-ẹ̀rí. A kò sọ pé pàṣán kò wọ ibẹ̀ rí. Ohun tí a ń sọ ni pé pàṣán kọ́ ni ó gbé ibẹ̀ ró. Ibi tí ètò bá wà, ìbáwí yóò kéré. Ibi tí ètò kò sí, bí a nà wọ́n dọ̀la, ariwo ni yóò kù.

OHUN TÍ A Ń RETÍ

Lọ́dọ̀ ọmọ kéwú, a ń retí nǹkan márùn-ún:
1. Kí ó dé lásìkò, kí ó sì dúró títí a ó fi ṣe àdúà.
2. Kí ara àti aṣọ rẹ̀ mọ́, kí ó ṣe àlùwàlá kí ó tó fọwọ́ kan Al-Kùránì.
3. Kí ó bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó jù ú lọ, kí ó sì ṣàánú ẹni tí ó kéré sí i. Àgbà ọmọ kò gbọdọ̀ fìyà jẹ kékeré.
4. Kí ó sọ òtítọ́, bí ó tilẹ̀ ṣẹ̀. Ọmọ tí ó bá jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ìbáwí rẹ̀ á fúyẹ́.
5. Kí fóònù má bá a wọ kíláàsì.

Èyí tí ó bá rú u yóò tún ohun tí ó fi ṣeré kọ sí wàláà, yóò gbá àgbàlá, yóò dúró lẹ́yìn tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá lọ, yóò bẹ ẹni tí ó ṣẹ̀. Bí ó bá le jù bẹ́ẹ̀, a ó ránṣẹ́ pe bàbá àti ìyá, ọmọ yóò sì jókòó láàárín wa. A ti rí i pé èyí ni wọ́n ń bẹ̀rù ju àtòrì lọ.

Lọ́dọ̀ òbí, a ń retí pé kí ó wá sí ilé-kéwú lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ó béèrè ibi tí ọmọ ka dé. Kí ó san owó rẹ̀, tàbí kí ó wá sọ fún wa bí kò bá sí. Kí ó má rán ọmọ lọ kiri ọjà ní wákàtí kéwú, kí ó sì wá bi wá pé kí ló dé tí kò tíì mọ̀wé. Kí ó máa kírun lójú ọmọ. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. A sì bẹ ẹ̀yin tí ẹ wà ní apá kejì, tí ó jẹ́ pé bí a bá ní kí ọmọ yín gbálẹ̀ lásán, ẹ ó gbé mọ́tò wá, ẹ ó máa bú àáfáà lójú ọmọ. Ẹ̀yin àti ẹni tí ó ní kí a nà án, ọ̀kan náà ni yín. Ẹ̀yin méjèèjì ò fẹ́ jókòó gbọ́ ẹjọ́ ọmọ yín.

Lọ́dọ̀ àwa àáfáà, kí á wà ní kíláàsì. Kí á má bá ọmọ wí nínú ìbínú. Kí á má fi ọmọ ṣọ́ ọmọ pẹ̀lú pàṣán. Bí a bá sì ṣi ọmọ bá wí, kí á ní ìgboyà láti sọ fún un pé a ṣì í ṣe. Ọmọkùnrin tí a sọ ìtàn rẹ̀ lókè yìí, a bẹ̀ ẹ́ lójú ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ti di géndé báyìí, ó ń fa àwọn àbúrò rẹ̀ wá sí ilé-kéwú wa. Ní ọjọ́ tí ó mú àbíkẹ́yìn wọn wá, a ń retí ọ̀rọ̀ tí a mọ̀ lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ó ní: “Àáfáà, ó máa ń bẹ̀rù bí wọ́n bá pariwo mọ́ ọn. Bí kò bá yé e, ẹ pè mí.”

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ máa gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà wa nìyẹn.

Kí Ọlọ́hun Ọba fi ìmọ̀ tí ó ní àǹfààní jíǹkí àwọn ọmọ wa, kí Ó fi àánú sí ọkàn àwa tí a ń kọ́ wọn, kí Ó sì dárí èyí tí a ti ṣì ṣe jìn wá. Àmín.